Ruger American .30-06: ìbọn kejì tó yẹ kí ọdẹ elk mú dání

Ẹni tí kì í ṣe ará Colorado ní Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ ṣọdẹ elk, ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, níbẹ̀ yóò san ju $700 lọ lórí ìwé àṣẹ nìkan, ká má tíì sọ owó ọkọ̀, owó àgọ́ àti owó ẹni tó ń fi ẹṣin kó ẹrù gun òkè. Sáà ìbọn àkọ́kọ́, tó máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá, kì í ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Bí ọdẹ bá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lọ́jọ́ kejì, tí awò orí ìbọn rẹ̀ gbá òkúta, ọjọ́ mẹ́ta tó kù ti ṣòfò nìyẹn, àfi bí ìbọn mìíràn bá wà nínú àgọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń mú ìbọn méjì lọ, bí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ṣe ń gbé sípíà táyà.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni irú ìbọn tí wọ́n fi ń ṣe sípíà. Èyí tó ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹnikẹ́ni kò yìn láti ọdún mẹ́ta, tí ọta rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìbọn gidi, ni wọ́n máa ń sọ sẹ́yìn ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìrìn kù ọ̀la. Sípíà tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni. Ìbọn kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọdẹ lè gbé ní aago mẹ́rin ìdájí, nínú òkùnkùn, kó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ láìyí ohunkóhun padà nínú àpò rẹ̀ tàbí nínú ọwọ́ rẹ̀. Ojú yẹn la fi wo Ruger American Rifle tó ń jẹ ọta .30-06 Springfield níhìn-ín, ìran àkọ́kọ́ rẹ̀ tó dé ọjà ní 2012, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íǹṣì 22, tó sì wọn bíi pọ́n-ùn 6¼ kí a tó de awò mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbọn kejì ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Ìbọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa jẹ ọta kan náà. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ .30-06, tí ìkejì sì jẹ́ .308, ewu gidi wà nínú àgọ́ náà. Èèpo ọta .308 gùn ní íǹṣì 2.015, ti .30-06 gùn ní íǹṣì 2.494, orí méjèèjì sì rí bákan náà. Ọwọ́ tó tutù nínú òkùnkùn kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọta .308 á wọ inú ilé ọta .30-06 wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó dì í mú níwájú. Bí a bá yìn ín, èèpo rẹ̀ lè ya, kí iná gbígbóná sì tú sẹ́yìn sí ojú ẹni tó dì í mú. Ẹni tí ìbọn àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ .308 kó ra Ruger yìí ní .308. Ẹni tó ń lo .270 Winchester kó rà á ní .270. Ó wà ní gbogbo wọn.

Bí kò bá sí ìdí mìíràn, .30-06 la máa mú. Láti 1906 ló ti wà. Orí ọta gréènì 180 (gréènì ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn orí ọta) tó bá jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń ní agbára tó súnmọ́ 2,900 ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà-pọ́n-ùn ní ẹnu ìbọn. Òfin Colorado ní kí orí ọta fún elk má kéré sí gréènì 85, kí ó jẹ́ irú tó ń fẹ̀ bó bá wọ ara ẹran, kí agbára rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà-pọ́n-ùn 1,000 ní yáàdì 100. Gbogbo èyí ni .30-06 kọjá dáadáa. Akọ elk tó dàgbà lè wọn pọ́n-ùn 700, egungun èjìká rẹ̀ sì nípọn. Àǹfààní mìíràn tí a kì í rántí títí ẹrù yóò fi sọnù ní pápákọ̀ òfuurufú ni pé ní ìlú ọdẹ bíi Craig tàbí Meeker, kò ṣòro láti rí páálí .30-06 rà. Ọta tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde lè máà sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń lo .300 Winchester Magnum máa bi wá léèrè. Ruger American wà ní irú ọta yẹn náà, ṣùgbọ́n lójú tiwa ìbọn yìí fúyẹ́ jù fún un. Ó máa gbá èjìká débi pé ẹni tó bá fi í dánra wò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kó tó fa tírígà. Ó sàn kí wọ́n wá ìbọn .300 tó wúwo díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì ta kú pé .30-06 ni ìkejì, kí ọta rẹ̀ wà nínú àpótí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tí a tì mọ́ inú báàgì ìbọn kejì, kó má sì bá ti àkọ́kọ́ nínú àpò kan náà láé.

Ó yá, ká gbé ìbọn náà lọ́wọ́ wàyí. Irin tí a ń gbé sókè tí a sì ń fà sẹ́yìn kí ọta tuntun wọlé, bolt tí wọ́n ń pè é, ní eyín mẹ́ta níwájú. Nítorí náà dígíìrì 70 péré la máa ń gbé e sókè, dípò 90 tó wà lára ọ̀pọ̀ ìbọn eléyín méjì. Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Orí òkè ló ti ń hàn, nígbà tí ọwọ́ bá wà nínú ìbọ̀wọ́ onírun: ìka kò ní gbá ìdí awò bí a bá ń fà á kíákíá fún ọta kejì. Bolt náà le díẹ̀ bó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó sì máa ń dún bí ẹni ń wọ́ fáìlì lórí irin. Ẹ fà á ní ìgbà igba nílé pẹ̀lú òróró díẹ̀, ó máa dẹ̀.

Tírígà rẹ̀ ṣeé tún ṣe láti pọ́n-ùn 3 sí 5. A máa ń yọ igi ìbọn kúrò ká tó dé ibi síkúrù rẹ̀. Ẹ fi í sí nǹkan bíi 3½, kó sì bá ti ìbọn àkọ́kọ́ mu bó ṣe lè mu tó. Ẹni tí tírígà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 2½ kò gbọdọ̀ fi ti ìkejì sílẹ̀ ní 5, torí yóò máa fà á títí ìbọn yóò fi yẹ̀ kúrò lójú àmì. Inú igi ìbọn náà ni wọ́n ti gbin irin méjì tó rí bíi lẹ́tà V, tí ara ìbọn jókòó lé. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni fún ìbọn tí owó rẹ̀ kò tó $500 nígbà tó jáde. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè kó ọta mẹ́ta jọ sínú íǹṣì kan àbọ̀ ní yáàdì 100 láìsí àtúnṣe kankan, ìyẹn sì tó fún elk.

Igi ìbọn náà gan-an, ike ni, iwájú rẹ̀ kò sì le. Àléébù tó tóbi jù lára ìbọn yìí nìyí. Ẹ mú owó bébà dọ́là kan, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ sì fà á gba àárín ọ̀pá ìbọn àti igi rẹ̀ láti ẹnu wá sẹ́yìn. Ó máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Ẹ wá gbé iwájú igi náà lé orí òkúta tàbí báàgì, ẹ tẹ ìbọn mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ yìn, kí ẹ tún fà á. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bébà á há. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ike ti tẹ̀ kan ọ̀pá, ọ̀pá kò sì lè gbọ̀n bó ṣe gbọ̀n nígbà tí a tò ó sójú àmì, ọta á sì ṣí lọ síbòmíràn. Ọdẹ á máa bú awò, bẹ́ẹ̀ awò kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi bébà ìyọ́gi wé igi róbótó kan, kí ẹ fi yọ́ inú ike náà níbi tó ti ń kàn títí bébà dọ́là yóò fi kọjá nígbà tí ìbọn wà lábẹ́ ìtẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá máa gbé e lé nǹkan, ibi tó súnmọ́ àpótí ọta ni kí ẹ gbé lé, kì í ṣe ṣóńṣó iwájú.

Àpótí ọta rẹ̀ náà jẹ́ ike, ó ń gba mẹ́rin, àwọn ọta sì ń yí po nínú rẹ̀. Kò ga ju ìsàlẹ̀ ìbọn lọ, èyí tó mú kó rọrùn láti gbé ìbọn ní ọwọ́ kan. Wàhálà rẹ̀ ni ibi tó ti ń há: bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kọ̀, ó lè dà bíi pé ó ti wọlé, kó sì já sínú koríko lẹ́yìn máìlì méjì. Bí ó bá sọnù, ọta ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń fi ọwọ́ tì sínú ilé ọta. Nítorí náà, ẹ ra àpótí kejì, kó máa gbé nínú báàgì. Lójú tiwa, owó tó níláárí jù tí a lè ná lé ìbọn yìí lórí nìyẹn.

Bọ́tìnnì ààbò wà lókè ọrùn igi ìbọn, níbi tí àtàǹpàkò ń gbé: bí a tì í síwájú, ìbọn ṣe tán, bí a fà á sẹ́yìn, ó dúró. Dídára rẹ̀ ni pé a lè tú ọta kúrò láìṣí ààbò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ti bolt pa, torí náà okùn báàgì tàbí ẹ̀ka igi lè gbé ọwọ́ bolt sókè nígbà tí ìbọn wà léjìká. Ọdẹ á yọ sí elk, á fa tírígà, kò ní dún. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́ra láti fi ọwọ́ tẹ bolt sísàlẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá sọ ìbọn kalẹ̀ láti èjìká. Ìran kejì, tí Ruger gbé jáde ní ìparí 2023, ti ní bọ́tìnnì ààbò oníhà mẹ́ta, ó sì ní ohun tó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ga lórí igi ìbọn. Ó tún ní ohun èlò lẹ́nu tó ń dín gbígbá kù, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ lágbára púpọ̀. Ẹni tó bá máa lo ìyẹn gbọ́dọ̀ di etí rẹ̀, kó sì sọ fún ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bọ́tìnnì yìí kan náà ló mú wa dé ọ̀rọ̀ àwọn ìbọn yòókù. Ẹni tí ìbọn àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ Tikka T3x, kó fi Ruger sílẹ̀, kó ra Tikka T3x Lite kejì bí owó bá wà. Ó wọ́n ju Ruger lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bolt tirẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni fi bọ́tà sí i, ilé iṣẹ́ náà ní Finland sì fọwọ́ sọ̀yà pé yóò kó ọta mẹ́ta jọ sínú nǹkan bí íǹṣì kan ní yáàdì 100. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀kan ti mọ ìkejì, èyí sì ni gbogbo ohun tí à ń wá. Savage Axis II kéré lówó, AccuTrigger rẹ̀ dára ju tírígà Ruger lọ lójú ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n bolt rẹ̀ eléyín méjì wúwo láti gbé sókè, igi ike rẹ̀ sì tẹ̀ ju ti Ruger lọ. Bí ẹ bá rà á pẹ̀lú awò tí wọ́n ti dè mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, ẹ má gbára lé ìdè yẹn. Ẹ tú gbogbo síkúrù rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ tún un dè. Ẹni tó ń lo Winchester Model 70, tí ààbò rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́ kékeré lẹ́yìn bolt, ní láti fi èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí dánra wò gan-an, torí àtàǹpàkò á máa wá ìyẹ́ níbi tí kò sí.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde; títo ìbọn kejì sójú àmì kì í ṣe iṣẹ́ àgọ́. Ẹ ra páálí mẹ́ta ọta kan náà, tí nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara páálí wọn bára mu, ó kéré tán. Ogójì ọta á lọ sórí títo ìbọn méjèèjì, ogún á lọ sórí òkè. Ìbọn méjì kì í sábà fẹ́ràn ọta kan náà bákan náà. Èyí tí Ruger kò bá fẹ́ á máa fọ́n ká, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán oríṣi méjì tàbí mẹ́ta wò nínú ìkejì, kí ẹ tó pinnu èyí tí àkọ́kọ́ náà yóò máa jẹ. Ìkejì ni kó yan ọta, torí àkọ́kọ́ sábà máa ń gba ohun tí a bá fún un.

Awò 3-9x40 (tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9, tí dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 40) tó fúyẹ́ ti tó. Leupold VX-Freedom wà lára èyí tí a lè dárúkọ láìbẹ̀rù. Síkúrù tó de igi ìbọn mọ́ ara ìbọn ń fẹ́ íǹṣì-pọ́n-ùn 60 sí 80. Ti òrùka awò kéré gan-an, 15 sí 18 ni ọ̀pọ̀ òrùka ń fẹ́, ẹ sì wo ìwé tó bá wọn wá. Ẹ lo sípánà tó ń ka agbára. Ọwọ́ lásán ló ń fún òrùka pa awò, òun náà ló ń jẹ́ kí síkúrù igi ìbọn tú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi ọ̀dà ìkun-èékánná fa ìlà tínrín láti orí síkúrù kọjá sí ara òrùka. Bí ìlà náà bá já lójú ọ̀nà, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan yẹ̀ kí ẹ tó yìnbọn rárá.

Ẹ tò ó sí yáàdì 200. Pẹ̀lú gréènì 180 tí a sọ, ọta á gun bí íǹṣì 2 lókè àmì ní yáàdì 100, á sì balẹ̀ ní íǹṣì 8 sí 9 nísàlẹ̀ àmì ní yáàdì 300. Lẹ́yìn tí ẹ bá nu ọ̀pá ìbọn, ẹ yin ọta méjì tàbí mẹ́ta gba inú rẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tó ní òróró máa ń lọ síbi tó wù ú.

Bí ọkọ̀ òfuurufú lẹ ń bá lọ, ìbọn méjèèjì lè wà nínú àpótí líle kan, láìsí ọta nínú wọn, tí a tì pa, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ẹni tó ni í, kí a sì sọ fún wọn lórí káńtà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò gbà ju pọ́n-ùn 11 ọta lọ, páálí mẹ́ta .30-06 kò tó pọ́n-ùn 5, ẹ kò níí ní ìṣòro. Bolt ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ pamọ́ sí dúrọ́ọ̀ nítorí ọmọdé, ìbọn á dé Colorado, bolt á kù sílé. Ẹ fi bolt ìbọn kọ̀ọ̀kan sínú àpótí pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, kí ẹ sì so nọ́ńbà mọ́ wọn, torí bolt ìbọn kan kò ṣeé kì bọ inú òmíràn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra. Nígbà tí ẹ bá dé, ìkejì náà gbọ́dọ̀ yin ọta mẹ́ta ní yáàdì 100, kì í ṣe àkọ́kọ́ nìkan. Nínú mọ́tò, òfin Colorado kò gbà kí ọta wà nínú ilé ọta.

Ibi tí à ń fi í sí ṣe kókó. Bí àgọ́ bá wà ní máìlì márùn-ún sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, ìbọn kejì tó wà nínú ọkọ̀ kò wúlò. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹrù lọ sí àgọ́. Lórí ẹṣin, kó má wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́, torí ẹṣin tó bá ṣubú yí mọ́lẹ̀ lè ṣẹ́ ọrùn igi ìbọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù ní tirẹ̀ ń pa òróró: èyí tó bá nípọn nínú bolt á di bí ọṣẹ, irin tó ń gbá ìdí ọta á sì lọ́ra débi tí ọta kò ní dún. Ẹ fọ gbogbo òróró inú bolt kúrò, kí ẹ fi èyí tó ṣàn bí omi kàn án fẹ́rẹ́. Ẹ má gbé ìbọn tó tutù wọ inú àgọ́ tí iná wà. Omi á sẹ̀ sí i lára, ìyẹn á sì di yìnyín bó bá tún jáde. Inú àpótí rẹ̀ tí a tì, nínú òtútù, ni kó sùn. Ẹ lẹ téèpù oníná kan mọ́ ẹnu rẹ̀ kí yìnyín má wọlé. Kò sí ìdí láti yọ ọ́ kí ẹ tó yìn, torí afẹ́fẹ́ tó ṣáájú ọta ló ń fẹ́ ẹ dànù.

Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí ní pápá ìdánwò, yáàdì 100, 200 àti 300, sórí bébà kékeré, kí ẹ sì fi téèpù tí ń dán lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì igi ìbọn kejì, níbi tí ojú á ti bà á bí a bá gbé e sókè. Ti àkọ́kọ́ lẹ ti mọ̀ sórí. Ti ìkejì lẹ máa gbàgbé.